Píílà wa ò kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n fóònù ní a ti kọjá ààlà

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa awakùsà wúrà kan lẹ́bàá Ìpéríndó, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. A ní ìwé àṣẹ ìwakùsà kékeré láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan bá wa ya plan, ó sì ri píílà mẹ́rin, àwọn òpó sìmẹ́ǹtì ààlà, mọ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn tó ní ìwé àṣẹ ilẹ̀ tó tẹ̀ lé tiwa dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ní kòtò wa ti wọ inú tiwọn tó nǹkan bíi 90 mítà. A pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kejì, òun náà ní ibi tí píílà wà yẹn kọ́ ló yẹ kó wà. Ẹni àkọ́kọ́ búra pé iṣẹ́ òun dá òun lójú. Ni ẹbí tó ni ilẹ̀ bá tún gbé ìwé sọ́fè àtijọ́ tiwọn jáde, kò sì bá èyíkéyìí mu. Ta ni ká gbà gbọ́? Ṣé ká ya plan mìíràn ni, àbí ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́?"

Akọ̀wé, ẹ kú ìdààmú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí wọ́pọ̀ lágbo ìwakùsà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mi, mo ti rí ibi tó ti dá ìjà àdá sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn tí kò sí olè kankan nínú wọn. Nítorí náà, kí n tó dáhùn ohunkóhun, ẹ dá iṣẹ́ dúró lápá ibi tí ẹ ń jà lé lórí, kí àwọn òṣìṣẹ́ yín kọjú sí apá kejì. Tí ẹ bá jàre, wúrà tó wà níbẹ̀ ò ní sá lọ. Tí ẹ bá jẹ̀bi, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ bá tún kó níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún yín ló máa di ẹ̀rí lọ́rùn yín. Èkejì, ẹ má tíì pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àkọ́kọ́ ní ẹlẹ́tàn, ẹ má sì tíì pe àwọn aládùúgbò yín ní ajagungbalẹ̀. Iye mítà tí ẹ dárúkọ yẹn ta mí lólobó ohun kan, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kí n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ìwé mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín, gbogbo wọn la sì ń pè ní plan. Ìwé sọ́fè tí ẹbí gbé jáde jẹ́ ìwé orí ilẹ̀. Ó ń sọ ẹni tó lè kọ́lé síbẹ̀, ẹni tó lè gbin kòkó síbẹ̀, àti ẹni tí ẹ máa san owó gbà-máà-bínú fún tí ìwakùsà bá ba oko jẹ́. Kò sọ nǹkan kan nípa wúrà tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí abala 44(3) ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìwé kejì ni plan tó tẹ̀ lé ìwé àṣẹ ìwakùsà yín, òun ló ń sọ ibi tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wa wúrà dé. Ìwé kẹta, tí mo fura pé ẹ ò tíì ní rárá, ni plan iṣẹ́: èyí tó ń fi kòtò náà fúnra rẹ̀ hàn bó ṣe rí lóṣù yìí, bó ṣe jìn tó, ibi tí ihò àtijọ́ wà, ibi tí omi ń gbà. Kò sí ìdí tí ìwé ẹbí fi gbọ́dọ̀ bá ìwé àṣẹ yín mu. Wọn ò yà wọ́n láti dáhùn ìbéèrè kan náà. Ẹ yọ ti ẹbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, mo máa padà sórí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ fún ìwakùsà yàtọ̀ pátápátá sí bí àwọn baba wa ṣe ń pín oko. Mining Cadastre Office, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, tí gbogbo awakùsà mọ̀ sí MCO, kì í wo odò, kì í wo ẹsẹ̀ ọ̀nà, kì í wo igi pèrègún. Lábẹ́ òfin ìwakùsà ti 2007, orí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti fa ìlà láti àríwá sí gúúsù àti láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, títí gbogbo orílẹ̀-èdè fi di àpótí kéékèèké. Ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 15, kì í ṣe sẹ́kọ́ńdì ti aago o, ti dìgírì ni: dìgírì kan ní ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú kan ní sẹ́kọ́ńdì 60. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, sẹ́kọ́ńdì 15 tó nǹkan bíi 460 mítà, àpótí kan sì gbà tó hẹ́kítà 21. Ìwé àṣẹ kékeré bíi tiyín kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà onígun mẹ́rin 3 lọ, ìyẹn bí àpótí 14. Ẹ wo ohun tí 90 mítà wá jẹ́ nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀: ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìbú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé, títí kan àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ilé àti oko dunjú. Lórí ilẹ̀ ẹbí, píílà ló ń jọba. Bí píílà tí wọ́n kọ́kọ́ rì bá ṣì wà níbi tó wà, tí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé (kóódínéètì, tó ń sọ ibi tí igun ilẹ̀ wà) bá sì yàtọ̀ sí i díẹ̀, píílà là ń tẹ̀ lé, nítorí òun ni àwọn onílẹ̀ jọ dúró tì nígbà tí wọ́n gbà sí ààlà. Nọ́ńbà kàn ń ròyìn ohun tó ti wà nílẹ̀ ni. Ní ti ìwé àṣẹ ìwakùsà, òdìkejì rẹ̀ ni. Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ wà. Ìjọba fún yín ní àpótí kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, píílà sì jẹ́ ìgbìyànjú ọmọ ènìyàn láti fi ibi tí nọ́ńbà náà bọ́ sí hàn. Bí píílà bá ṣìnà, ààlà kò tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé "píílà wa ò kúrò níbi tó wà", òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé: nígbà tí wọ́n ń ri píílà náà, orí ìdí wo ni wọ́n ti ka nọ́ńbà yẹn?

Nítorí nọ́ńbà kan náà lè mú ẹni méjì dé ibi méjì. Bí a bá ní kí ẹni méjì lọ sí ilé kẹwàá ládùúgbò kan, tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ìdí ọjà, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ibodè, kò sí òpùrọ́ nínú wọn, àmọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa kàn. Ìdí ìṣirò yẹn ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní datum. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn tó wọn Nàìjíríà fi ìdí gbogbo ìṣirò wọn múlẹ̀ sórí píílà kan tó ń jẹ́ L40 nítòsí Minna, wọ́n sì gbé e ka orí ìrísí ayé tí Clarke, ará England, ṣírò ní 1880. Datum Minna nìyẹn, òun ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ píílà ìjọba tó wà káàkiri títí dòní. Fóònù yín ò mọ Minna. Sátẹ́láìtì GPS ló ń bá sọ̀rọ̀, èyí tó ń lo datum mìíràn tó ń jẹ́ WGS84, tí wọ́n kà láti àárín gbùngbùn ayé, pẹ̀lú ìrísí ayé tó yàtọ̀ sí ti Clarke. Ní agbègbè Iléṣà, bí a bá ka nọ́ńbà kan náà lórí méjèèjì, ibi méjèèjì máa jìnnà síra tó nǹkan bíi 85 mítà ní ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, àti bíi 43 mítà ní àríwá sí gúúsù. Tí ẹ bá na okùn tààrà láàárín wọn, ó sún mọ́ 95 mítà. Ẹ ti wá rí ìdí tí 90 mítà yín fi ta mí lólobó.

Ẹ lè yẹ èyí wò fúnra yín kí ẹ tó náwó kankan. Ẹ mú ìwé àṣẹ, ẹ tẹ kóódínéètì igun kọ̀ọ̀kan sínú fóònù bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kó mú yín lọ. Ẹ ki èèkàn mọ́ ibi tó bá ní ẹ ti dé. Lẹ́yìn náà, ẹ na téèpù láti píílà dé ìdí èèkàn náà, kí ẹ fi kọ́ńpáàsì wo apá ibi tó kọjú sí. Ẹ ṣe é fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ní bíi 85 sí 105 mítà, tí gbogbo èèkàn sì wà ní apá ìlà oòrùn píílà pẹ̀lú ìtẹ̀sí díẹ̀ sí gúúsù, ọ̀rọ̀ datum ni, kò sí àní-àní. Orí Minna ni wọ́n ti ri píílà, fóònù sì ń ka nọ́ńbà rẹ̀ bíi WGS84. Ṣùgbọ́n bí igun kan bá fi 12 mítà yàtọ̀, tí òmíràn fi 140, tí apá ibi tí wọ́n kọjú sí kò sì bára mu, nǹkan mìíràn ló wà nídìí rẹ̀: bóyá wọ́n wọn ọ́n láìyẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ẹnìkan ti hú píílà kan tó sì gbé e sí ibòmíràn, bóyá nọ́ńbà kan ni wọ́n ṣì kọ.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ ò sọ nínú ìwé yín, ó sì ṣe pàtàkì gan-an: apá wo ni àwọn aládùúgbò yín wà? Tó bá jẹ́ ìwọ̀ oòrùn, ohun tí wọ́n sọ bá àlàyé mi mu régí, nítorí fóònù á sún gbogbo àpótí tiwọn wá sí ìlà oòrùn, á sì bọ́ lé yín lórí ní bíi 85 mítà. Tó bá jẹ́ àríwá ni wọ́n wà, kò yẹ kó ju bíi 43 mítà lọ. Tó bá jẹ́ ìlà oòrùn tàbí gúúsù ni wọ́n wà, datum kọ́, nítorí ńṣe ló yẹ kí fóònù fi àlàfo sáàárín yín dípò kó jẹ́ kí ẹ gorí ara yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo èyí dáadáa kí ẹ tó gba àlàyé mi wọlé.

Ẹ má sì jẹ́ kí inú yín tíì dùn jù. Ìdánwò yìí ń sọ irú àṣìṣe tó wà níbẹ̀, kò sọ ẹni tó jàre. Ẹni tó jàre wà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n kọ sára ìwé àṣẹ àti sára àwòrán tó tẹ̀ lé e: bí wọ́n bá kọ Minna síbẹ̀, píílà yín wà ní ipò, fóònù aládùúgbò ló sọ̀rọ̀ láìmọ ìdí. Bí wọ́n bá kọ WGS84, ẹni tó ri píílà ló ka nọ́ńbà orí ìdí kan sórí òmíràn, kòtò yín sì ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ èmi, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ kan tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà. Bí kò bá hàn gbangba lára ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ lẹ́tà sí MCO láti béèrè datum tí wọ́n fi kọ kóódínéètì ìwé àṣẹ yín, kí ìdáhùn náà wà lórí tákàdá pẹ̀lú òǹtẹ̀. Lẹ́tà yẹn lè yanjú ìdajì ìjà yìí, kò sì wọ́n tó owó lọ́yà.

Nǹkan kejì tó máa ń da orí àwọn èèyàn rú ni nọ́ńbà oní-mítà tó wà lára plan. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́ lápá ibí. Ọ̀kan ni tàwọn sọ́fè Nàìjíríà àtijọ́ tí a ń pè ní West Belt, tí ìlà àárín rẹ̀ wà ní dìgírì 4 àti ààbọ̀ ìlà oòrùn. Èkejì ni UTM, zone 31, tó bá gbogbo ayé mu. Mímọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò le. Ní agbègbè Iléṣà, West Belt máa fún yín ní nọ́ńbà ìlà oòrùn tó wà nítòsí 256,000 àti ti àríwá nítòsí 400,000. UTM á fún yín ní nǹkan bíi 691,000 àti 842,000. Ẹ la plan yín, kí ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀bá píílà àkọ́kọ́. Tí ti wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àkọ́kọ́ bá dà bí 400,000, tí ti èkejì sì dà bí 842,000, wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ nípa ibi kan náà gan-an láìmọ̀. Ẹ rántí pé UTM fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ti Minna tàbí ti WGS84, nítorí náà kí ẹnìkan sọ pé "UTM ni mo lò" kò tíì parí ọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá sì yí Minna padà sí WGS84, iye ìyípadà tó lò gbọ́dọ̀ wà lára plan, nítorí oríṣiríṣi iye ìyípadà ló wà káàkiri fún Nàìjíríà, àwọn kan sì fi mítà 5 sí 10 yàtọ̀ síra. Lórí oko kòkó, mítà 8 lè má jẹ́ nǹkan. Lórí okùn wúrà tí kò fẹ̀ ju mítà méjì lọ, ó lè jẹ́ gbogbo nǹkan.

Ní ti fóònù fúnra rẹ̀, mi ò bú u. Ní gbangba, lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́, ó lè fi mítà 3 sí 10 ṣìnà. Lábẹ́ igi kòkó, tàbí nínú kòtò tí ògiri yí ká, ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó fún yín láti fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ 90 mítà jẹ́ òótọ́, kò sì tó láti fi dá ààlà sílẹ̀. Ẹ̀rọ GPS ọwọ́ tí àwọn kan ń gbé kiri, tó rí bíi rédíò kékeré, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Mo mọ àwọn tó fi irú rẹ̀ ya plan ìwakùsà, tí wọ́n sì fi ọwọ́ síwèé. Ẹ̀rọ tó yẹ fún iṣẹ́ yìí ni GPS tí wọ́n ń lo méjì rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan á dúró lórí píílà ìjọba tí a mọ kóódínéètì rẹ̀, èkejì á máa lọ sí píílà tiyín. Bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó dára jù lọ tí wọ́n bá gbé ka orí ìdí tí kò tọ́, irọ́ tó péye dé sẹ̀ǹtímítà ló máa pa fún yín.

Fún ìdí èyí, bí ẹ bá máa gba wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó. Ẹ béèrè píílà ìjọba tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti orí rẹ̀. Ó yẹ kó dárúkọ méjì, ó kéré tán, kó sì ní ìwé kóódínéètì wọn láti ọ́fíìsì Surveyor-General ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Ìdí tí a fi ń fẹ́ méjì ni pé ọ̀kan lè ti yẹ̀: ọkọ̀ akẹ́rù ti gùn ún, àwọn tó ń la ọ̀nà ti ta á nípàá. Tó bá ti orí àkọ́kọ́ wọn èkejì, tí ohun tó rí bá sì bá ìwé mu, ó lè tẹ̀ síwájú. Tí kò bá bá a mu, kó wá ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá sọ pé òun ò nílò píílà, pé ẹ̀rọ òun ń mọ ibi gbogbo fúnra rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó máa lọ. Ara plan tó bá yà gbọ́dọ̀ ní datum, West Belt tàbí UTM, orúkọ àwọn píílà tó ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó wọn ọ́n, àti ìfọwọ́sí pẹ̀lú òǹtẹ̀ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ wa. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù nínú wọn, plan náà kò tíì parí, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí plan kẹta, plan iṣẹ́, nítorí mo gbà pé òun ló lè gba ẹ̀mí là, tí kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ààlà máa ń dá ìjà sílẹ̀, àmọ́ ihò tí a kò mọ ibi tó wà ló ń pa èèyàn. Lóṣù keje ọdún 2002, ní ibi ìwakùsà èédú kan tó ń jẹ́ Quecreek ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi ya inú ihò ìwakùsà àtijọ́ kan tí omi ti kún. Àwòrán tó wà lọ́wọ́ wọn fi hàn pé ihò náà ṣì jìnnà, nítorí àwọn tó wa á kẹ́yìn ti gbẹ́ ẹ kọjá ibi tí àwòrán náà dúró sí. Omi ya lu wọ́n, àwọn mẹ́sàn-án há sábẹ́ ilẹ̀ fún wákàtí 77. Ọlọ́run ṣe é, gbogbo wọn jáde láàyè. Ìlú tí ìwé pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà ni o. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kún fún kòtò tí àwọn tó ń wa wúrà ti fi sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ewéko ti bò, omi òjò sì ti kún inú wọn. Kò sí àwòrán kankan fún wọn. Kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yín bá àwọn àgbà abúlé rìn, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n bá rántí hàn án, kó sì yà á sínú plan, kódà bí kò bá dájú. Ó lè fi ìlà já-já yà á kó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ẹnu àgbà ni òun ti gbọ́ ọ. Àìdájú tí a kọ sílẹ̀ sàn ju àlàfo funfun lórí tákàdá lọ, torí ẹni tó bá rí àlàfo funfun á rò pé ilẹ̀ gidi ló wà níbẹ̀.

Plan iṣẹ́ yìí náà ló ń jẹ́ kí ẹ mọ iye ilẹ̀ tí ẹ ti wa. Ká ní ìsàlẹ̀ kòtò yín fẹ̀ tó hẹ́kítà kan, tí ẹni tó wọn gíga rẹ̀ sì fi 30 sẹ̀ǹtímítà péré ṣì í. 3,000 kúbíkì mítà ni àṣìṣe yẹn. Bó bá jẹ́ òkúta gíráníìtì ni, tí kúbíkì mítà kan rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.65, ó ti sún mọ́ 8,000 tọ́ọ̀nù. Owó orí tí ẹ máa san fún ìjọba, owó tí ẹ máa san fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́lẹ̀ fún yín, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iye yẹn. Ní ti gíga, ìkìlọ̀ kan: gíga tí GPS ń fúnni kì í ṣe gíga láti ojú òkun. Ní apá ibí, àlàfo àárín méjèèjì ju 20 mítà lọ. Bí ẹni tó wọn kòtò lọ́dún tó kọjá bá lo ọ̀kan, tí ẹni ọdún yìí lo èkejì, ìwé máa sọ pé kòtò yín ti jìn tàbí ti ga sókè ju ogún mítà lọ láìsí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Kí wọ́n ri òpó kékeré kan mọ́ ibi tí ọkọ̀ kò ní gùn, lóde kòtò, kí gbogbo ẹni tó bá wọn gíga máa bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Dróònù dára fún ìwọ̀n iye iyẹ̀pẹ̀, ó sì yá, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá tẹ́ àmì tí a ti wọn sílẹ̀ kó tó fò, àwòrán tó rẹwà ni ẹ máa gbà, kì í ṣe plan. Kí wọ́n tún ya ibi tí òfin kò gbà yín láàyè sínú rẹ̀: òfin 2007 yọ ìlú, abúlé, ọjà, itẹ́ òkú àti ibi òrìṣà kúrò nínú ilẹ̀ ìwakùsà, ó sì ní kí ẹ fi 50 mítà jìnnà sí ọ̀nà ìjọba, ojú irin, ìdídò omi àti ilé ìjọba.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ lè ní kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àkọ́kọ́ padà wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kò ní gbówó púpọ̀, ó sì tọ́ kí a fún un láyè láti ṣàlàyé datum tó lò. Àmọ́ bó bá tiẹ̀ jàre, àwọn aládùúgbò yín ò ní gbà á gbọ́. Ẹ lè gba ẹlòmíràn fún ara yín nìkan, ìyẹn á sì tún di plan mìíràn nínú ìjà kan náà. Ilé ẹjọ́ wà, ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ máa ní kí ẹ ṣe kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí mo fẹ́ dábàá, ọdún á kàn ti gorí ọdún ni. Èrò tèmi ni pé kí ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò yín jọ gba wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ṣoṣo tí kò ti bá ẹnikẹ́ni nínú yín ṣiṣẹ́ rí, kí ẹ jọ san owó rẹ̀, kí aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì wà níbẹ̀ láti orí píílà ìjọba títí dé igun ìkẹyìn. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹ máa gba ohun tó bá rí. Ó le, mo mọ̀. Ẹni tó dá lójú pé òun jàre kì í fẹ́ san ìdajì owó. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ọ̀nà tó tún tètè ń parí ìjà ààlà ìwakùsà jù ú lọ.

Bó bá wá hàn pé kòtò yín ti kọjá, ẹ má ṣe rọ iyẹ̀pẹ̀ padà sínú rẹ̀ lóru. Kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wọn ìwọ̀n ibi tí ẹ gbẹ́ kọjá, kó kọ iye kúbíkì mítà rẹ̀, kí ẹ fi tó àwọn aládùúgbò àti ọ́fíìsì ìwakùsà ìjọba àpapọ̀ létí fúnra yín. Àsanpadà tí a ṣírò yàtọ̀ gidi sí ẹ̀sùn olè jíjà. Lórí ọ̀rọ̀ àsanpadà yẹn àti bí òfin ṣe máa wò ó, ẹ gba lọ́yà tó mọ ìwakùsà, èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò.

Ní ti ẹbí onílẹ̀, ẹ má fi ìwé MCO pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìwé yẹn kò gba orí ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá wà lórí oko, ẹ san owó díẹ̀ sí i kó wọn ààlà ẹbí náà lórí datum kan náà, kó ya méjèèjì sórí tákàdá kan. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i kedere oko ẹni tí kòtò yín bà jẹ́, bóyá kì í tilẹ̀ ṣe ẹbí tí ẹ ti ń sanwó fún nìkan. Ìwé sọ́fè àtijọ́ tiwọn lè jẹ́ ti ẹsẹ̀ bàtà dípò mítà, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ láti orí igun ilé kan tí kò sí mọ́, nítorí náà kí ẹni tó mọ ìwé àtijọ́ kà bá a wò ó, kí ó sì jẹ́ kí àgbà ẹbí fẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú rẹ̀.

Mi ò tíì rí ìwé yín, mi ò sì tíì dé orí oko náà, nítorí náà ohun tí mo lè sọ kò kọjá ibi tí mo sọ ọ́ dé yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún wò ó, ẹ fi àwòrán ojú ìwé àṣẹ ibi tí kóódínéètì wà ránṣẹ́, pẹ̀lú plan àkọ́kọ́, àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ bá fi téèpù wọn láti píílà sí èèkàn, àti apá ibi tí àwọn aládùúgbò yín wà. Láti ibẹ̀, mo lè sọ fún yín ní ìdánilójú bóyá ọ̀rọ̀ Minna ni tàbí ti nǹkan mìíràn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí wá owó wọnlẹ̀wọnlẹ̀.